Iyọ̀ Orí Òkè Kiln

Hagbeck,
25 Oṣù Kìíní, 1979.

Lorna ọmọ mi,

O kú ooru, ìwọ àti Clive ọkọ rẹ. Ìyá rẹ ka lẹ́tà rẹ fún mi pé ooru Australia yẹn kò jẹ́ kí ẹ sùn. Èmi ò bá ọ kẹ́dùn o. Kẹ́tùlù tí ìyá rẹ gbàgbé sí ẹ̀yìnkùlé lánàá ti dì gbagidi, òòlù ni mo fi yọ omi inú rẹ̀. Bí ooru bá ṣẹ́kù lọ́dọ̀ yín, dì í sínú àpò-ìwé kí o fi ránṣẹ́ sí wa.

Ìròyìn tiwa ni pé a ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo àwa tí à ń wa lọ́rì tó ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́ ti kó kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì ọ̀gá, a sì wà ní ẹnu géètì, à ń yáná nínú àgbá. Owó iṣẹ́ wa kò tó jẹun, ìwọ náà mọ̀ pé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni gbogbo títì àfonífojì yìí ti ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í ṣe ìkà. A ṣèpàdé láàárín ara wa, a ní kí lọ́rì kan ṣoṣo máa jáde láràárọ̀, kó da iyọ̀ sí títì ilé ìwòsàn àti títì dókítà, kí ẹnikẹ́ni má bàa kú sínú ìjà tiwa. Norman Coulthard tó jẹ́ alága wa wá ní, "Ẹ jẹ́ ká fi Òkè Kiln kún un. Nínú gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àdúgbò yìí, òun ló burú jù."

Mo dìde. Mo ní, "Norman, jókòó. Ta ló ń gbé orí Òkè Kiln? Èmi ni. Wọn ò ní gbọ́ ọ láé pé Hedley Tallentire dáṣẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ó wá ń da iyọ̀ sẹ́nu ọ̀nà ara ẹ̀." A nawọ́, ọwọ́ tèmi ló kọ́kọ́ lọ sókè. Bí a ṣe yọ òkè wa kúrò nínú rẹ̀ nìyẹn. Mo délé, mo fi ìdùnnú sọ fún ìyá rẹ. Ó gbé ife tíì mi kalẹ̀ gbì, ó ní, "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì, Hedley."

Má fòyà nítorí wa. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń wa òkè yẹn nínú yìnyín. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó.

Bàbá rẹ,
Hedley.

Lorna mi, bàbá rẹ ti gba ìwé tán bó ṣe máa ń ṣe, igun ló ṣẹ́kù fún mi. Ìborùn ọmọ tí mò ń wun ti dé ìdajì. Lóṣù tó ń bọ̀ ni mò ń lọ sílùú láti ya fọ́tò ìwé ìrìnnà mi. Màá ti dé kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ tó pé. Má gbé garawa omi o. Ìyá rẹ.


Geraldton, Australia,
3 Oṣù Kejì, 1979.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìdúró ẹnu géètì. Clive ní kí n kí yín, ó ní bó bá ṣe òun ni ọ̀gá yín ni, òun ì bá ti sanwó náà kí òtútù tó wọ egungun yín. Mo ní kó dákẹ́, pé ẹ̀yin ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ṣàánú yín.

Lẹ́tà yín pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì tún bí mi nínú. Àfi ẹ̀yin náà! Ta ló máa na ọwọ́ sókè pé kí wọ́n má da iyọ̀ sí òkè tí aya òun ń gbà? Mo rántí ìgbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹ gbé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú lọ́rì. Tí a bá ti dé orí Òkè Kiln, ẹ ó yí lọ́rì padà, ẹ ó máa fi ẹ̀yìn wà á sọ̀kalẹ̀, ọrùn yín á yí padà bí ti òwìwí. Mo bi yín pé kí ló dé tí a ò kọjú síbi tí à ń lọ. Ẹ ní ẹ̀yìn lọ́rì ni iyọ̀ ti ń jáde, pé iyọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan ilẹ̀ kí táyà tó kàn án. Mo lọ sọ ọ́ níléèwé pé bàbá mi nìkan ló lè fi ìpàkọ́ wakọ̀, wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa.

Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Títí tí ìdáṣẹ́sílẹ̀ yìí á fi parí, ẹ má fi ọkọ̀ yín gbé màmá gba òkè yẹn sọ̀kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Wilf Nattrass aládùúgbò yín fi katakata rẹ̀ gbé wọn. Mo mọ̀ pé Wilf ń rùn bí àgùntàn rẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn kì í pààyàn. Ẹ mọ̀ pé oyún mi àkọ́kọ́ kò dúró. Èmi nìkan ni mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, Clive ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn, n kò sì rí ọwọ́ obìnrin kan dì mú. Ẹ̀rù ń bà mí lọ́tẹ̀ yìí. Màmá nìkan ni mo fẹ́.

Ẹ̀yin náà sì ńkọ́? Ìjókòó méjì ni Clive gbà nínú bààlúù. Ẹ ní ẹ̀yin ò wọ ohun tí kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀. A ò tíì dá ìkejì padà o, bóyá orí yín á rọ̀.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè kejì oṣù yìí, màá pè bí a ṣe máa ń ṣe. Kí màmá wà nínú ilé tẹlifóònù pupa ìsàlẹ̀ òkè láàárọ̀. Kí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì.

Ọmọ yín,
Lorna.


Geraldton,
12 Oṣù Kejì, 1979.

Màmá mi, bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Kí ló ṣẹlẹ̀ lánàá? Mo pè, mo tún pè. Kò tilẹ̀ dún. Obìnrin tó ń so wáyà tẹlifóònù pọ̀ sọ fún mi pé okùn tẹlifóònù Hagbeck ti kú. Ọ̀rọ̀ yẹn kò dùn létí mi. Mo mọ̀ pé ilé tẹlifóònù yẹn nìkan ni gbogbo Hagbeck ní, n kò rí ẹlòmíì pè.

Bóyá màmá dúró síbẹ̀ nínú òtútù tí wọ́n ń retí mi. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ kọ̀wé kíá, ẹ jọ̀ọ́.

Lorna.


Hagbeck,
14 Oṣù Kejì, 1979.

Lorna,

A rí lẹ́tà rẹ ti ọjọ́ kẹta oṣù yìí gbà. Ara wa le. Tẹlifóònù ìsàlẹ̀ òkè ti bàjẹ́, òtútù ló fà á, nítorí náà má pè. Ìyá rẹ kí ọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń dùn ún díẹ̀, kò lè mú bírò.

Ní ti ìrìn àjò yẹn, má gbọ́kàn lé e púpọ̀. Ọ̀nà náà jìn fún ẹni tó ti dàgbà, kò sì dájú pé ìwé ìrìnnà á jáde lásìkò. Àwọn obìnrin rere pọ̀ lọ́dọ̀ yín tí wọ́n lè dúró tì ọ́.

Ìdáṣẹ́sílẹ̀ ṣì ń lọ. Òtútù ṣì wà.

Bàbá rẹ.


Geraldton,
22 Oṣù Kejì, 1979.

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. N kò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí.

Láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ yìí, ẹ ò kọ lẹ́tà kan sí mi rí tí kò ní yẹ̀yẹ́ nínú. Èyí kò ní. Màmá kò sì jẹ́ kí lẹ́tà yín kan jáde rí láìfi ọ̀rọ̀ tiwọn sí igun. Nígbà tí wọ́n ní ibà, wọ́n kọ ọ́. Nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì ń jà nítorí ajá Wilf, wọ́n kọ ọ́, wọ́n ní kí n má dá yín lóhùn. Ní báyìí, igun ìwé funfun báláú.

Òtútù wo ló ń pa tẹlifóònù? Ilé pupa yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ẹ tún ní kí n wá obìnrin mìíràn dúró tì mí. Ẹ̀yin tí ẹ sọ fún gbogbo àwọn tó wà ní ẹnu géètì pé Freda aya yín ń lọ sí Australia!

Bàbá, ṣé màmá mi ti kú ni?

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ni ẹnu mi fi kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń jí mi, òun ló ń bá mi jẹun. Clive ní mò ń fọwọ́ ara mi fa ìrònú. Bí mo bá ń fà á, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Ìlà kan péré ni mo fẹ́, kí ó jẹ́ ọwọ́ màmá ló kọ ọ́. Kì í ṣe ọwọ́ yín. Bí n kò bá rí i gbà, màá tẹ wáyà sí pásítọ̀ ìjọ yín, ẹ̀yin lẹ ó sì ṣàlàyé fún un.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, bàbá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.

Lorna.


Hagbeck,
4 Oṣù Kẹta, 1979.

Lorna ọmọ mi,

Ìyá rẹ wà láàyè. Mo kọ́kọ́ kọ ìyẹn kí o lè mí. Wo ìsàlẹ̀ ìwé yìí, wàá rí ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o padà sókè wá kà á, bí o bá ṣì fẹ́ kà á.

Irọ́ ni mo pa fún ọ. Òtútù kò ṣe tẹlifóònù ní nǹkan kan. Èmi ni mo fi ọkọ̀ wó o.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè tó ṣáájú Sọ́ńdè tí o pè ni. Ìyá rẹ fẹ́ lọ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. Ó wọ kóòtù aláwọ̀ ojú ọ̀run rẹ̀, ó dé fìlà tó fi lọ síbi ìgbéyàwó rẹ. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni Wilf Nattrass gbé katakata rẹ̀ dé. Ó ní, "Hedley, gbé Freda fún mi. Òkè yìí ò dáa lónìí rárá. Ajá mi gan-an yọ̀ ṣubú níbẹ̀ láàárọ̀." Mo ní, "Wilf, máa lọ bá àwọn àgùntàn ẹ. Ta ló wa òkè yìí jù mí lọ?" Ìyá rẹ wò mí, ó wo Wilf, ó tún wò mí. Ó wọ ọkọ̀ tèmi. Ìwò tó wò mí yẹn kò tíì kúrò lójú mi.

Lẹ́tà rẹ tí o fi bẹ̀ mí kò tíì dé nígbà náà. N kò ní fi ìyẹn tan ara mi jẹ. Bó bá ti dé, èsì tí mo fún Wilf náà ni mi ì bá fún ọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò le. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri olókùúta, sítíárì ṣàdéédé fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí ọmọrí ìkòkò. Mò ń yí i, kò sí ohun tí mò ń yí. Ohun tí mo ti fi ọdún púpọ̀ kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ pé wọn ò gbọdọ̀ ṣe lórí yìnyín, òun gan-an ni mo ṣe. Mo tẹ bíréèkì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbágbágbá. Ọkọ̀ yí bìrí. Ó wá ń fi ẹ̀yìn lọ, Lorna. Bí mo ṣe máa ń gba òkè náà sọ̀kalẹ̀ látọjọ́ yìí náà nìyẹn, ojú mi sí orí òkè, ẹ̀yìn mi sí ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò sí hóró iyọ̀ kan lábẹ́ mi.

Ilé tẹlifóònù ló dá wa dúró. Gíláàsì rọ̀ lé wa lórí. Ìyá rẹ tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ní, "Hedley, ṣé a ti débẹ̀?" Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tó rí i pé kò kọjú síbi tó yẹ kí ọwọ́ kọjú sí.

N kò lè pe ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn. Tẹlifóònù tí mi ì bá fi pè é wà lábẹ́ ọkọ̀ mi. Wilf tí mo lé padà ló sáré sọ̀kalẹ̀, ó gbé e sórí katakata, ó da kóòtù ara rẹ̀ bò ó, ó wà á rọra títí tí wọ́n fi dé títì dókítà. Títì yẹn níyọ̀. Àwa la dà á síbẹ̀. Mò ń sáré tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, bí ẹsẹ̀ mi ṣe kan iyọ̀ yẹn tí mi ò yọ̀ mọ́, ojú tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè.

Egungun ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́ lójú méjì. Ìbàdí rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n kò ṣẹ́. Wọ́n ti fi ìdè funfun dì í láti ọmọ-ìka dé ìgúnpá. Ìborùn ọmọ dúró sí ìdajì tó wà. Dókítà ní kò lè dá rìnrìn àjò, nítorí kò lè gbé àpò, kò lè dá wọ bàtà. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Èmi ni mo gba ìyá rẹ mọ́ ọ lọ́wọ́. Mo jókòó láti kọ èyí sí ọ, irọ́ ló jáde.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ wá dé, èmi ni mo kà á sétí ìgbọ́ ìyá rẹ lórí tábìlì. Mo kà á dé ibi tí o ti sọ̀rọ̀ lọ́rì tí à ń fi ẹ̀yìn wà, mo gbé e kalẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n ni. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ń yangàn, n kò kọjú síwájú gba Òkè Kiln sọ̀kalẹ̀ lórí yìnyín lásán rí. Lọ́jọ́ iṣẹ́, orí iyọ̀ ara mi ni mò ń tẹ̀. Bí mo bá sì fẹ́ fi ọkọ̀ ara mi gba ibẹ̀, mo ti da iyọ̀ sí i ṣáájú. Iyọ̀ ló ń wa ọkọ̀, èmi kàn jókòó síbẹ̀ ni. Wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Èmi kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Gbogbo Hagbeck ló ń rìn dé ìlú kejì báyìí kí wọ́n tó lè pe ọmọ wọn. Wọ́n ń pe ilé tẹlifóònù náà ní Gáréèjì Hedley. Mo padà dé ẹnu géètì, Norman ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," àwọn ọ̀dọ́ inú wọn sì ní, "Bàbá, bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ pe èèyàn ni, ẹ ò ṣe rọra ṣílẹ̀kùn wọlé?" Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo dé ẹ̀yìn àgbá iná, mo sunkún. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mo ti máa ń rò pé àsọdùn ni.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ìyá rẹ ń bò mí láṣìírí. Ó ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àgùntàn kan ló já lu ọ̀nà. Kò sí àgùntàn kankan. Wilf tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà mi orí sí i, ó ní bóyá tòun ni.

Ìwọ náà ti mọ̀ báyìí. N kò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí.

Hedley.

MO WÀ LÁÀYÈ. ỌWỌ́ ÒSÌ NI. MÁ SUNKÚN. ÌYÁ RẸ.


Geraldton,
14 Oṣù Kẹta, 1979.

Bàbá mi,

Ẹ kú ewu. Ẹ bá mi kí màmá kú ewu, kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún Wilf lórúkọ mi.

Mo rí ọwọ́ màmá, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà níbi tí mo ti gba lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ náà wọ́ bí ti ọmọ iléèwé jéléósinmi, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì rí ààyè sọ fún mi pé kí n má sunkún. Mo sunkún. Mo kà á dé ibi Gáréèjì Hedley, mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí. Lẹ́yìn náà inú bí mi, ó sì ń bí mi di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Kì í ṣe nítorí yìnyín. Ta ni yìnyín ò lè gbé ṣubú? Kì í ṣe nítorí ìgbéraga yín náà, mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, mo sì jogún rẹ̀. Ohun tó bí mi nínú ni pé mo ṣọ̀fọ̀ màmá mi láàyè. Mo ti yọ aṣọ dúdú sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ti ń sọ fún ọmọ inú mi irú ẹni tí ìyá àgbà rẹ̀ jẹ́ nígbà ayé rẹ̀, bí ẹni pé ó ti lọ. Ìtìjú yín wúwo jù fún yín, ẹ wá sọ̀ ọ́ sí mi lórí, lórí aboyún. Èyí ni ẹ jẹ̀bi rẹ̀. Òkè Kiln kò sí níbẹ̀ rárá.

Ó tún ku ọ̀kan. Ẹ ní dókítà sọ pé màmá ò lè dá rìnrìn àjò. Ẹ̀yin lẹ wá sọ pé ọ̀rọ̀ parí. Dókítà kò sọ ọ́. Ẹni tí kò lè dá lọ, ṣé wọn kì í bá a lọ ni? Ìjókòó kejì ṣì wà lórúkọ yín. Àbí ìrìn àjò náà ṣòro fún màmá, àbí ó ṣòro fún ẹ̀yin láti wo ojú mi?

Ẹ dáhùn ìyẹn. Ẹ má dáhùn ìyókù.

Ọmọ yín tínú ń bí,
Lorna.


Hagbeck,
1 Oṣù Kẹrin, 1979.

Lorna mi,

O kú ara wíwúwo. Ọwọ́ òsì ni mo ṣì fi ń kọ ọ́, díẹ̀díẹ̀ ni mo sì ń kọ ọ́, fara balẹ̀ kà á. Ó ti ń mọ́ mi lára. Bí mo bá ti mọ̀ ni, mi ì bá ti fi òsì kọ̀wé látọjọ́ yìí, nítorí kò sẹ́ni tó lè gba bírò lọ́wọ́ mi báyìí.

Bàbá rẹ ka lẹ́tà rẹ ní ìdúró. Ó ká a, ó fi sápò, ó lọ la igi títí igi fi tán. Mo ní, "Hedley, ọmọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ." Ó ní, "Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó, Freda?" Mo ní ojú kan náà tó fi ń wo èmi tí ọwọ́ mi ṣẹ́. Ó ní òun kì í wò mí, pé ìdè ọwọ́ mi lòun máa ń wò. Òótọ́ ni o. N kò tíì kíyè sí i rí.

Ọjọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, pásítọ̀ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìkéde. O mọ̀ pé ìkéde àkàrà òyìnbó àti òdòdó nìkan là ń ṣe níbẹ̀. Bàbá rẹ dìde nínú kóòtù rẹ̀. Ó ní, "Kò sí àgùntàn." Ó jókòó. Kò sẹ́ni tí kò ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wilf wá fi ohùn wúwo rẹ̀ yẹn sọ láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ ṣeun o, àwọn àgùntàn mi náà dúpẹ́." Ẹ̀rín bú. Mo wo bàbá rẹ, etí rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti ṣubú.

Ìdáṣẹ́sílẹ̀ ti parí. Wọ́n fi nǹkan díẹ̀ kún owó wọn, gbogbo wọn ń kùn, gbogbo wọn ti padà. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí yìnyín tún dì, mo gbọ́ ìró lọ́rì, mo yọjú lójú fèrèsé. Bàbá rẹ ni. Kò lọ sí títì dókítà, kò lọ sí ti ilé ìwòsàn. Òkè Kiln ló kọ́kọ́ da iyọ̀ sí. Nígbà tó ṣe ìyẹn tán, ó sọ̀kalẹ̀, ó bu iyọ̀ sínú garawa, ó fi ọwọ́ fọ́n ọn láti ojú títì dé ẹnu ìloro wa, níbi tí ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀. Norman ti gbọ́ ọ. Ó ní ìlẹ̀kẹ̀ ti padà sí ìdí tó yẹ ẹ́.

A lọ sílùú lánàá. Wilf ló gbé wa, nínú katakata, àwa méjèèjì. Bàbá rẹ jókòó sórí koríko àgùntàn lẹ́yìn. A ya fọ́tò. Èmi rí dáadáa. Tirẹ̀ dà bí ti ẹni tí ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú.

Igun tó kù nísàlẹ̀ yìí, òun ló ni ín.

Ìyá rẹ.

Lorna, ìyá rẹ ti gba ìwé tán. Ìbéèrè rẹ: èmi ló ṣòro fún. Mò ń bọ̀. Màá gbé àpò rẹ̀, màá sì wọ bàtà fún un. Wọ́n ti tún tẹlifóònù ṣe, mo dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti pè ọ́, n kò lè wọlé. Ojú ń tì mí gan-an. Bí o bá rí àgbàlagbà kan tó ń fi ẹ̀yìn rìn jáde nínú bààlúù, bàbá rẹ ni. Hedley.


Geraldton,
10 Oṣù Kẹrin, 1979.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìmúra. Mo ti gbé ẹ̀wù dúdú yẹn padà sínú àpótí. Ẹ mú ìborùn náà bọ̀ bó ṣe wà, ọmọ kékeré ni, ìdajì tó o. Ẹ má mú kóòtù wá.

Ẹ bá mi sọ fún màmá pé mo ti fi òróró pa ẹsẹ̀ àga tó ń dún, tí wọ́n á jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo gbé e sí, kí n lè rí ọwọ́ tó dára dì mú. Tiyín wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.

Èmi fúnra mi ni màá dúró níbi tí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú bààlúù, bí ikùn mi ṣe tóbi tó yìí. Iyanrìn ni gbogbo ilẹ̀ ibí, bàbá. Kò sí yìnyín. Ẹ kọjú síwájú, kí ẹ máa bọ̀.

Ọmọ yín,
Lorna.